Neusilin US2 nínú ọlọ: àgbéyẹ̀wò

Ilé iṣẹ́ Fuji Chemical ní Japan ló ń ṣe Neusilin US2, ìyẹ̀fun tí a ń lọ̀ pọ̀ mọ́ oògùn kí oògùn náà lè tètè yòrò. Magnesium, aluminium àti silica ló para pọ̀ di í. Ó funfun bí èlùbọ́ láfún tí a jọ̀ kúnná, ó sì fúyẹ́ gan-an. Gíráàmù kan rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú wọn fẹ̀ tó nǹkan bí 300 mítà onígun mẹ́rin. Ibẹ̀ ni oògùn ń rí dì mọ́.

Oògùn bí indomethacin (oògùn ìrora), tí kì í tètè yòrò nínú omi, ló bá a mu jù. Wọn gíráàmù 1 oògùn mọ́ gíráàmù 5 ìyẹ̀fun yìí sínú ọlọ oníbọ́ọ̀lù, ìyẹn ọlọ tí bọ́ọ̀lù líle ń lọ nǹkan nínú rẹ̀. Máa dá ọlọ dúró lóòrèkóòrè kó lè tutù, kí o sì máa ha èyí tó lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀. Èyí tí o kò bá ha kò ní kúnná.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn ti dì mọ́ ìyẹ̀fun, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ X-ray nìkan tàn yín. Bí àmì kírísítàlì bá pòórá, ó lè jẹ́ pé ètò inú oògùn kàn dàrú lásán ni, láì dì mọ́ ìyẹ̀fun. Ìtànṣán infrared ló ń jẹ́rìí: àmì ásíìdì oògùn tó wà ní 1717 cm⁻¹ á rọlẹ̀, ti iyọ̀ tí ásíìdì náà bá ìyẹ̀fun dì á yọjú. Fi àpòpọ̀ tí a kò lọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìfiwéra.

Àléébù rẹ̀ kan ń dunni: ó máa ń pọ̀ jù. Fún 50 mílígíráàmù oògùn, àpapọ̀ á di 300, kápúsù kékeré kò sì ní gbà á.