Pegione Gian Galeazzo Visconti: ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó àtijọ́ ilẹ̀ Ítálì jọ, pegione, owó Gian Galeazzo Visconti tó jẹ́ olúwa ìlú Mílàn, la máa ń ní kó kọ́kọ́ rà. Fàdákà gidi ni, ó fẹ̀ tó mìlímítà 24 sí 25, ó sì wọ̀n tó gíráàmù 2.5. Soldo kan àbọ̀ ni wọ́n ń ná an nígbà ayé rẹ̀, ìyẹn denaro 18 (denaro 12 ló wà nínú soldo kan).

Ojú kan ní ejò ìdílé Visconti, tó lọ́ ara rẹ̀ pọ̀, tó ń gbé ènìyàn mì. Apá òkè ara ẹni náà ṣì wà níta ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí àmì mọ́tò Alfa Romeo ti mọ ejò yìí. G wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Z wà ní ìkejì. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ni COMES VIRTVTVM D MEDIOLANI 3C. Oyè Vertus nílẹ̀ Faransé ló ṣáájú, èyí tó bá Isabella ọmọ ọba Faransé wá nígbà tí Gian Galeazzo gbé e níyàwó ní 1360. Lẹ́yìn náà ni “olúwa Mílàn”, ipò tó gbà lọ́wọ́ Bernabò, àbúrò bàbá rẹ̀, ní oṣù karùn-ún 1385. Èyí tó dùn mọ́ wa jù ni 3C yẹn: “àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ” ló túmọ̀ sí. Ìlú tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ pọ̀ ju àyè etí owó lọ!

Ní ojú kejì, Ambrose Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù Mílàn tó ti kú tipẹ́tipẹ́ ṣáájú, jókòó, ó mú pàṣán àti ọ̀pá bíṣọ́ọ̀bù dání. Àwọn ará Mílàn gbà pé ó fara hàn, pé pàṣán yẹn ló sì fi na àwọn ọ̀tá wọn lójú ogun Parabiago ní ọjọ́ 21, oṣù kejì, 1339. Ẹ má wá ojú Gian Galeazzo fúnra rẹ̀ níbẹ̀; kò sí.

Ọwọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́: fàdákà pẹlẹbẹ lórí ònǹtẹ̀ ìsàlẹ̀, ònǹtẹ̀ kejì lórí rẹ̀, òòlù lókè. Bí òòlù bá bà á jẹ́jẹ́, fàdákà kì í kún inú ibi tó jìn, ojú Ambrose a sì pẹlẹbẹ. Ẹ má tìtorí ẹ̀ kọ̀ ọ́ bí ọ̀rọ̀ etí bá pé. Èyí tí a kò fẹ́ ni èyí tí wọ́n ti fi àlùmọ́gàjí gé létí. Bí ìdajì lẹ́tà bá ti lọ yíká, tí ìwọ̀n sì ti wálẹ̀ sí 2.2, ẹ dín owó rẹ̀ kù gidigidi.

Ayédèrú tí wọ́n dà nínú mọ́ọ̀dù máa ń ní ihò kéékèèké lára àti ìlà tó yí etí rẹ̀ ká. Ìdánwò tó dára jù ni ti omi. Ẹ gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, ẹ dá òṣùwọ̀n padà sí òdo, kí ẹ fi òwú so owó náà rì sínú omi láì jẹ́ kó kan ìsàlẹ̀. Ẹ fi ohun tí òṣùwọ̀n kà pín ìwọ̀n owó náà. Bí ìwọ̀n bá jẹ́ 2.50, tí omi sì ka 0.25, èsì jẹ́ 10, ó dára. Fàdákà tí kò ní àdàlù jẹ́ 10.5, bàbà sì sún mọ́ 9. Ẹ kíyè sí i pé 0.26 péré ti sọ èsì di 9.6, nítorí náà òṣùwọ̀n tó ń ka 0.001 ni kí ẹ lò. Ẹ fi ìka pa ìfóófòó omi ara rẹ̀ dànù, torí òun ló ń sọ fàdákà rere di ẹni ìfura.

Dúdú tó wà lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín á ha á lára, ẹni tó mọ owó kò sì ní sanwó gidi fún un mọ́. Ẹ má fi sínú ọ̀rá PVC, ó máa ń sọ ọ́ di àwọ̀ ewé.

Bí pegione bá wọ́n jù, sesino, owó kékeré ìgbà náà, wà, denaro 6 ni. Bàbà pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì wọ̀n ju bíi gíráàmù kan lọ. Torí náà, ẹ má gbára lé ìdánwò omi lórí rẹ̀, ojú àti awò ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò.