Díìsìkì àwọn fíìmù Takashi Shimura: ẹ wo iye ìṣẹ́jú kí ẹ tó sanwó

Ẹni tó bá fẹ́ ra fíìmù Takashi Shimura, ẹ̀yìn páálí ni kó kọ́kọ́ yí wò, kó wá iye ìṣẹ́jú tó wà níbẹ̀. Òṣèré ará Japan yìí kì í sábà jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn. Òun ni dókítà, òun ni ọlọ́pàá àgbà, òun ni bàbá ìyàwó. Irú òṣèré bẹ́ẹ̀ gan-an ni àlùmọ́gàjí àwọn tó ń gé fíìmù kúrú máa ń kọ́kọ́ kàn. Láti 1934 títí ó fi kù díẹ̀ kó kú ní 1982 ló fi ṣe iṣẹ́ yìí, fíìmù rẹ̀ sì lé ní 200. Púpọ̀ nínú èyí tó dára jù ló wà lórí díìsìkì, àmọ́ wọn kò rí bákan náà.

Ìlú Ikuno tí wọ́n ti ń wa kùsà, ní agbègbè Hyogo, ni wọ́n bí i sí ní 1905. Iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba ìlú Osaka ló fi ń gbọ́ bùkátà nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì, ibẹ̀ ló gbà bọ́ sórí ìtàgé. Akira Kurosawa, olùdarí fíìmù, kọ́kọ́ lò ó nínú Sanshiro Sugata ní 1943, ó sì lò ó kẹ́yìn nínú Kagemusha ní 1980. Nínú 30 fíìmù tí Kurosawa darí, Shimura wà nínú 21. Toshiro Mifune, òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀, 16 péré ni tirẹ̀.

Ikiru ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ọdún 1952 ló jáde, ìṣẹ́jú 143 ni, ó sì wà lára ìwọ̀nba fíìmù tí Shimura ti jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn. Ẹni ọdún 47 ni nígbà náà, ó ń ṣe Watanabe, ọ̀gá ọ́fíìsì tó ti ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, tó wá mọ̀ pé jẹjẹrẹ inú ń pa òun lọ. Ẹ wo ohun tó fi ara rẹ̀ ṣe. Ọrùn rẹ̀ wọ àárín èjìká, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́jú, ohùn rẹ̀ há sọ́nà ọ̀fun débi pé ìdajì gbólóhùn ni àwọn ẹlòmíràn máa ń gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ Gondola no Uta, orin tí wọ́n ti ń kọ ní Japan láti 1915. Nígbà àkọ́kọ́, ilé ọtí ló wà. Omijé ń ṣàn, kò nù ún, àwọn tó ń jó sì dúró gbagidi. Nígbà kejì, orí jangilófà ló jókòó sí nínú pápá ìṣeré tó jà fitafita kí ìjọba tó kọ́ ọ, òjò dídì ń rọ̀ lé e lórí. Orin kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ara ọkùnrin náà ti balẹ̀.

Ní ibi jangilófà yìí gan-an ni a ti ń mọ díìsìkì tó dára. Nínú àwọn ẹ̀dà àtijọ́, òjò dídì àti ẹ̀wù rẹ̀ a máa dàpọ̀ bí èéfín, ìtumọ̀ funfun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ àwòrán á sì sọnù sínú funfun yẹn. Blu-ray tí Criterion, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń tún fíìmù àtijọ́ gbé jáde, ṣe ní 2015, tí wọ́n fa àwòrán rẹ̀ jáde ní 4K (ìwọ̀n àwòrán tó kún ju ti Blu-ray lọ), mọ́ gaara. Ó tún ní àlàyé Stephen Prince, onímọ̀ nípa fíìmù, àti ètò ìṣẹ́jú 41 lórí bí wọ́n ṣe ṣe fíìmù náà. Bí ó bá jẹ́ DVD ìlú Ọba tí wọ́n ṣe sí PAL, ìlànà tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀, ni ẹ rí, ẹ má bẹ̀rù tó bá pe ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 137. Wọn kò gé nǹkan kan. PAL ló ń sáré ju sinimá lọ pẹ̀lú nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ohùn a sì máa ga sókè díẹ̀ nígbà mìíràn. Fún ohùn tó há bíi ti Watanabe, ìyẹn ń dùn mí, nítorí náà Blu-ray ni mo fara mọ́.

Ọ̀rọ̀ Blu-ray ní òfin tirẹ̀: wọ́n pín ayé sí agbègbè-agbègbè. Nàìjíríà, Benin, Togo àti ìlú Ọba wà ní agbègbè B. Amẹ́ríkà, Brazil àti Japan wà ní A. Díìsìkì Criterion tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, A ni wọ́n tì í sí. Ẹ̀rọ tí ẹ rà ní Èkó tàbí ní Peckham kò ní gbà á, yóò kàn kọ ọ̀rọ̀ sójú tẹlifíṣọ̀n pé díìsìkì yìí kì í ṣe ti agbègbè yín. Ẹni tó wà ní agbègbè B, kó wá èyí tí BFI, iléeṣẹ́ fíìmù ìlú Ọba, ṣe, tàbí Criterion tí wọ́n ṣe fún ìlú Ọba. Ní ti DVD, Amẹ́ríkà jẹ́ 1, ìlú Ọba jẹ́ 2, Nàìjíríà jẹ́ 5, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ DVD olówó pọ́ọ́kú kì í wo nọ́ńbà, àwọn mìíràn sì wà tí a lè fi rìmóòtù yí nọ́ńbà wọn padà. Ẹ̀rọ Blu-ray kò rọrùn bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Díìsìkì 4K kò ní agbègbè rárá. Criterion Channel orí íntánẹ́ẹ̀tì, Amẹ́ríkà àti Kánádà nìkan ló ń ṣiṣẹ́ sí.

Àìní agbègbè díìsìkì 4K yìí ló jẹ́ kí àpótí 4K ti Seven Samurai wúlò fún àwọn tó wà nílé. Díìsìkì 4K kan àti Blu-ray méjì ló wà nínú èyí tí Criterion ṣe ní 2024. Níbikíbi tí ẹ bá wà, 4K yẹn yóò ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Blu-ray inú rẹ̀ lè kọ̀. Ìṣẹ́jú 207 ni odindi fíìmù náà. Wọ́n ti gé e kúrú rí láti tà á sókè òkun, ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ sì ń ba iṣẹ́ Shimura jẹ́, torí pé sùúrù ni iṣẹ́ náà. Kambei, olórí àwọn jagunjagun tó ń gbèjà àwọn àgbẹ̀, ni Shimura ṣe. Ó fá irun orí rẹ̀ létí omi kó lè dà bí àlùfáà, ó mú ìṣù ìrẹsì méjì, ó sì wọlé lọ gba ọmọ kékeré lọ́wọ́ olè. Láti ìgbà náà títí fíìmù fi parí, ọwọ́ rẹ̀ kò yé fi pa orí fífá yẹn. Ó ń ronú, ọwọ́ lọ sórí. Ojú ń tì í, ọwọ́ lọ sórí. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ti na abọ́ ìrẹsì sí i, lẹ́yìn tó ti mọ̀ pé jéró ni àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ń jẹ kí òun lè jẹ ìrẹsì. Ó gba abọ́ náà, ó gbé e dúró, ibẹ̀ ni ogun ti bẹ̀rẹ̀.

Àárín oṣù méje sí ìgbà tí Seven Samurai jáde ní 1954 ni Godzilla náà jáde. Shimura ni Dókítà Yamane, onímọ̀ nípa ẹranko ayé àtijọ́, ẹnì kan ṣoṣo tí kò fẹ́ kí wọ́n pa ẹranko náà. Ó pa iná yàrá rẹ̀, ó jókòó sínú òkùnkùn, ó ń ṣọ̀fọ̀ ohun tí gbogbo ìlú ń sá fún. Ìṣẹ́jú 96 ni ti Japan. Ẹ̀dà tí Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1956 jẹ́ ìṣẹ́jú 80. Wọ́n ki òṣèré kan, Raymond Burr, bọ inú rẹ̀, wọ́n sì fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì ẹlòmíràn bo ti Yamane ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọ̀rọ̀ ìparí rẹ̀, níbi tó ti kìlọ̀ pé bí wọn kò bá yé dán bọ́ǹbù wò, òmíràn lè tún jáde wá, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Díìsìkì Criterion kó ẹ̀dà méjèèjì pọ̀, ẹ sì lè fetí ara yín gbọ́ ohun tó sọnù.

Drunken Angel (1948, ìṣẹ́jú 98) àti Stray Dog (1949, ìṣẹ́jú 122) ló yẹ kó tẹ̀ lé e. Nínú èkejì, ẹ wo Shimura gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ọlọ́pàá Sato tó ń fi ọ̀rọ̀ wá obìnrin kan lẹ́nu wò: áísìkirimù onígi ló fún un, òun náà ń lá tirẹ̀, obìnrin náà sì tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Rashomon (1950, ìṣẹ́jú 88) wà fún ìrìn rẹ̀ nínú igbó pẹ̀lú àáké léjìká, kò sọ gbólóhùn kan. Ẹni tó bá rò pé ojú ìbànújẹ́ nìkan ló ní, kó wá Singing Lovebirds ti 1939, níbi tó ti jẹ́ bàbá tó ń ṣe agbòòrùn tà, tí ìfẹ́ ìkòkò àtijọ́ ń kó owó rẹ̀ lọ. Orin ló ń kọ níbẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dùn. Sanshiro Sugata nìkan ni òfin ìṣẹ́jú kò lè ràn lọ́wọ́: wọ́n ti gé e ní 1944, odindi rẹ̀ kò sì tíì padà.

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ tún tẹlifíṣọ̀n yín ṣe. Àwọn fíìmù Kurosawa tó ṣáájú 1958 kò fẹ̀. Àwòrán wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lóròó àti níbùú, dúdú ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bí rìmóòtù bá wà lórí "Wide", ojú Shimura á fẹ̀ bí ẹni tó wú. Bó bá wà lórí "Zoom", orí fífá Kambei ni yóò gé. Bó bá jẹ́ DVD, ẹ fi sí 4:3; bó bá jẹ́ Blu-ray tàbí 4K, 16:9 ni kí ẹ fi sí, torí dúdú ẹ̀gbẹ́ ti wà nínú àwòrán wọn. Kí ẹ sì pa ohun tó ń mú kí àwòrán yọ̀ bíi ti ètò ìròyìn.

Kagemusha gbẹ̀yìn. Ẹni ọdún 75 ni Shimura nígbà tó jáde, Kurosawa sì dìídì kọ Taguchi Gyobu, ẹmẹ̀wà àgbà, fún un. Nínú ẹ̀dà tí wọ́n kó lọ sókè òkun, wọ́n yọ apá tirẹ̀ kúrò. DVD Criterion ti 2005 ló dá a padà. Ìṣẹ́jú 180 ni kí ẹ rí lẹ́yìn páálí. Bó bá jẹ́ 162, ẹ dá a padà sórí àtẹ.