Àpò gáàsì tí mò ń fi èèpo ẹ̀gẹ́ bọ́: oṣù méje rèé

Gàrí ni mò ń yan ní ọ̀nà Oǹdó, Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ẹni tó bá ti gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá lásìkò òjò á mọ òórùn òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́. Ìjà àwọn aládùúgbò lórí òórùn yẹn ló gbé mi dé ìdí àpò gáàsì, àjọ oṣù mẹ́jọ ni mo sì kó lé e.

Rọ́bà dúdú ńlá kan ni. Ó ń gba ẹnu kan jẹun, ó ń gba ìkejì yàgbẹ́, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń gbé gáàsì lọ sílé ìdáná. Ìgbẹ́ màlúù tí a kó ní Sábó la kọ́kọ́ pò mọ́ omi dà sí i, torí inú rẹ̀ ni àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí tó ń sọ ìdọ̀tí di gáàsì wà.

Gáàsì àkọ́kọ́ tó jáde, mo ṣáná sí i títí, kò gbiná. Carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí kì í gbiná, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ tú u dànù. Lọ́jọ́ tó wá gbiná, ó búlúù, kò léèéfín, ìdí ìkòkò mi ò dúdú. Mo pariwo débi pé ìyá ọkọ mi sáré jáde.

Ni mo bá ṣojúkòkòrò. Mò ń da èèpo tútù sí i bí ẹni ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, iná kú. Inú rẹ̀ ti kan, ó ń rùn bí omi fùfú tó ti pẹ́. Ẹni tó tà á fún mi ò gbé fóònù mọ́ o! Ìyá kan tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Mọdákẹ́kẹ́ ló ní kí n dá èèpo dúró ná, kí n po eérú mọ́ omi dà sí i, kí n sì fi ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ kún un. Ọjọ́ méjìlá ló gbà kó tó jí. Ní báyìí, garawa ìgbẹ́ méjì sí èèpo kan, èyí tí mo gé wẹ́wẹ́, tí mo sì ti sá kí oró rẹ̀ lè dínkù.

Wákàtí méjì ni iná rẹ̀ lójúmọ́. Ó ń se ọbẹ̀, ó ń se omi tíì, ẹ̀wà ló ń já jù sílẹ̀ lágbedeméjì. Gàrí yíyan ńkọ́? Igi ni mo ṣì ń kó sábẹ́ agbada. Ẹni tó bá ní ẹ ò ní ra igi mọ́, irọ́ ló ń pa. Nínú 10, mo fún un ní 6.

Páìpù ló jẹ máàkì tó kù. Ojú ibi tí wọ́n so ó pọ̀ ń jò, bẹ́ẹ̀ methane, gáàsì tó ń gbiná yẹn gan-an, ló ń jò dànù, ohun kan náà tí òkìtì èèpo tó ń jẹrà ń tú sáfẹ́fẹ́. Láàárín 100 ọdún, bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, ó ń mú ayé gbóná tó ìlọ́po 28 ti carbon dioxide. Téèyàn bá fi dáná, ewu yẹn dínkù gan-an. Tó bá ń jò, kí la wá ṣe? Ọṣẹ ni mo fi pa á lára títí mo fi rí ibi tó ń hó, mo fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ dì í. Ẹ má fi ìṣáná wá a o.

Omi tó ń gba ẹnu kejì àpò náà jáde, ìdí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni mò ń dà á sí, ewé rẹ̀ ti tóbi bí àtẹ́lẹwọ́. Aládùúgbò tó ń bá mi jà lórí òórùn ló ń gbé garawa wá bu ú báyìí. Kò tíì san kọ́bọ̀.