Àgbà-kẹ̀kẹ́, tòkunbọ̀ Họ́láǹdì àbí onígíà: èwo ni kí ẹ rà fún ìgbafẹ́ lágbègbè Ifẹ̀?

Ẹni tó fẹ́ máa fi kẹ̀kẹ́ ológeere sáré ìje, àkọsílẹ̀ yìí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó fẹ́ jáde nílé láàárọ̀ Sátidé, kó rọra gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ifẹ̀ lọ sápá Orígbó, kó dúró wo odò Ṣàṣà, kó ra ìkòkò lọ́wọ́ àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Ìpetumodù, kó jẹun ní Yàkóyò, kó sì délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Yàtọ̀ sí àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kéékèèké, ọ̀nà ibẹ̀ kì í da ẹsẹ̀ láàmú. Ẹ ṣáà má gba ọ̀nà márosẹ̀ Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, torí tírélà ibẹ̀ kì í yà fún oníkẹ̀kẹ́. Ẹni tí kò tíì fẹ́ rìn jìnnà lè bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, níbi tí odò Ọ̀pa ti ṣàn kọjá.

Ẹ̀yà mẹ́ta ni ẹ máa bá lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni àgbà-kẹ̀kẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ àti adẹ́mu ń gùn láyé ọjọ́sí, onírin dúdú tí bíréèkì rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá irin dípò wáyà: Raleigh ti Nottingham, Phoenix ti Ṣáínà, Hero ti Íńdíà. Èkejì ni tòkunbọ̀ tó ń ti Họ́láǹdì wá, èyí tí wọ́n bo ṣéènì rẹ̀ pátá, tó jẹ́ pé ẹ ó tẹ pẹ́dà sẹ́yìn kó tó dúró. Ẹ̀kẹta ni onígíà tí táyà rẹ̀ nípọn, 26 ínṣì, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń gùn kiri. Èkejì ni mo kọ́kọ́ ní, ẹ̀kẹta ni mò ń gùn báyìí, ẹ̀gbọ́n mi kan sì ní àkọ́kọ́ tí mo máa ń yá lóòrèkóòrè.

Kí ẹ tó wo ọ̀dà, kí ẹ tó ka gíà, ẹ wo táyà. Kì í ṣe bó ṣe jẹ tó ni kí ẹ wò, bí kò ṣe ibi tí ẹ ti máa rí òmíràn nígbà tó bá jẹ tán.

Ẹni tó ta Họ́láǹdì fún mi ní Èkó búra pé 28 ni táyà rẹ̀, pé 28 sì kún ọjà. Òótọ́ ni méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí kò sọ ni pé 28 kì í ṣe ìwọ̀n kan ṣoṣo. 28 × 1½ tó wà lẹ́sẹ̀ àgbà-kẹ̀kẹ́, ibi tó ti jókòó lórí ríìmù fẹ̀ tó mìlímítà 635 láti etí kan dé òdìkejì. 28 × 1⅝ × 1⅜ tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ Họ́láǹdì òde òní, mìlímítà 622 ni tirẹ̀, òun náà sì ni wọ́n ń pè ní 700C. Àwọn Họ́láǹdì àtijọ́ kan tún wà tó jẹ́ 635, nítorí náà ẹ ò lè fi orúkọ kẹ̀kẹ́ mọ̀ ọ́n. Mìlímítà 13 péré ló wà láàárín wọn, kò sì sí ojú tó lè rí i lórí ìso.

Táyà 622 kò ní gorí ríìmù 635 láéláé, bó ti wù kí fọkánáísà fi irin tẹ̀ ẹ́ tó. Ìyẹn sàn, torí ẹ ó tètè mọ̀. Òdìkejì rẹ̀ ló ń pani lówó: táyà 635 máa ń wọ orí ríìmù 622 láìjà rárá, á wá dà bíi pé iṣẹ́ ti parí. Táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi ya lọ́nà Yàkóyò, mo tì í dé ibi tí wọ́n ti ń ta táyà, wọ́n gbé 28 lé mi lọ́wọ́. Fọkánáísà tó ń fi sí i gan-an kìlọ̀ pé, “Ẹ̀gbọ́n, táyà yìí ń mì o, kò jókòó.” Ẹni tó tà á ní kò sóhun tó ṣe é, afẹ́fẹ́ ló kù tí kò tó. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i ni etí táyà ń yọ kúrò lára ríìmù, túùbù yọrí síta, ó sì bú gbàù. Mo san owó táyà, mo san owó túùbù, mo san owó ọkọ̀ tó gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ padà sí Ifẹ̀, mo sì tún san owó táyà 622 tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Èkó. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kẹ̀kẹ́ fara ti ògiri, nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ọ̀nà abúlé gbẹ dáadáa. Ó ṣì ń dùn mí.

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n tẹ̀ sára rọ́bà táyà, tó ní ìlà kékeré láàárín: 37-622, 40-635, 50-559. Ti iwájú ni bí táyà ṣe nípọn tó, ti ẹ̀yìn ni bí ríìmù rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, mìlímítà sì ni méjèèjì. Ti ẹ̀yìn yìí ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má fi ti ẹnu ẹni tó ń tà ṣe. Bí eruku bá bò ó, ẹ nù ún. Bó bá ti pa rẹ́, ẹ wo ara ríìmù, torí wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ náà.

26 pàápàá kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tí wọ́n fi póìntì kọ, bíi 26 × 1.95 tàbí 26 × 2.125, 559 ni. Èyí tí wọ́n kọ ní 26 × 1⅜, tó wọ́pọ̀ lẹ́sẹ̀ tòkunbọ̀ Japan, 590 ni, wọn kò sì lè gba ààyè ara wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, 559 ni mò ń rí lórí ìso káàkiri, láti Ifẹ̀ dé Mọ̀dákẹ́kẹ́ dé Ìpetumodù. 635 ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹ ó béèrè kiri. 622, ẹ máa ránṣẹ́ lọ rà á.

Ẹnu túùbù náà wà níbẹ̀. Ti onígíà sábà máa ń bá ti mọ́tò àti ọ̀kadà mu, nítorí náà fọkánáísà oríta èyíkéyìí lè fún un ní afẹ́fẹ́. Ẹ ṣáà sọ fún un kó rọra, torí ẹ̀rọ rẹ̀ lè bẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ti àgbà-kẹ̀kẹ́ àti ọ̀pọ̀ Họ́láǹdì kò bá rọ́bà ẹ̀rọ yẹn mu, páǹpù ọwọ́ tiwọn ló ń gbà. Ẹni tó bá ra ọ̀kan nínú wọn, kó má jáde láìmú páǹpù dání.

Ní ti ìjókòó, Họ́láǹdì ló gbayì jù. Èèyàn á jókòó ṣánṣán, ẹ̀yìn kì í ro ó, á sì lè máa wo oko lọ́tùn-ún lósì. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n ṣe é fún, níbi tí wọ́n ti la ọ̀nà fún oníkẹ̀kẹ́ nìkan. Bíréèkì rẹ̀ wà nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, òjò kì í dé ibẹ̀, nígbà tí ti àgbà-kẹ̀kẹ́ kì í fẹ́ mú bí ríìmù bá ti tutù. Ti onígíà, ẹ yan èyí tí rọ́bà ń di ríìmù mú, torí rọ́bà rẹ̀ wà lọ́jà.

Ẹrù gbígbé, àgbà-kẹ̀kẹ́. Kaníyà tó ti gbé keregbè ẹmu àti àpò kòkó, ìkòkò Ìpetumodù kò lè ni ín lára. Onígíà kì í sábà ní kaníyà, ẹ ó rà á lọ́tọ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ihò tí wọ́n ń dè é mọ́ wà.

Ìwúwo: àgbà-kẹ̀kẹ́ lè tó 20 kìlógíráàmù. Ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó rò ó.

Onígíà tó ní sípíríǹgì níwájú àti láàárín, tí owó rẹ̀ kéré, ẹ fi sílẹ̀. Ó wúwo, sípíríǹgì á sì máa jẹ lára agbára ẹsẹ̀ yín.

Bí ọkàn yín bá fà sápá Iléṣà, gba Òṣú lọ, tàbí kí ẹ fẹ́ dé ibi tí omi Ọ̀lúmirìn ti ń já láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, gíà di dandan. Àgbà-kẹ̀kẹ́ kò ní, ẹ ó sì máa sọ̀ kalẹ̀ tì í.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ẹni tó yẹ. Ẹni tó ń gbé ẹrù lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, tó rí àgbà-kẹ̀kẹ́ tí ríìmù rẹ̀ kò tíì dípẹtà, kó rà á, kó sì ra táyà 635 pamọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí ẹ̀yìn ń yọ lẹ́nu, tó sì ní ará tó ń lọ sí Èkó déédéé, Họ́láǹdì á tù ú lára. Ẹni tó kàn fẹ́ jí láàárọ̀, kó gbé kẹ̀kẹ́, kó sì mọ̀ pé abúlé yòówù kí táyà jò sí, òun á padà wálé lórí rẹ̀, onígíà 559 ni kó wá.

Èyí tó wù kó jẹ́, kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀yìn yẹn sínú fóònù, kí ẹ pe ẹni tó ń ta táyà ládùúgbò yín. Ẹ bi í bóyá ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí, kì í ṣe bóyá ó lè bá yín wá a. Bó bá ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ yọ owó táyà méjì kúrò nínú iye tí wọ́n pe kẹ̀kẹ́. Bí ẹni tó ń tà á kò bá gbà, ẹ fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un.