Mo ra rélùwéè kékeré, mo sì kọ́ ìgboro yí i ká ní Adó-Èkìtì

Ojú irin kankan kò gba Èkìtì kọjá. Òṣogbo ni mo ti kọ́kọ́ rí rélùwéè, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, nígbà tí mo wà ní pírámárì. Ìgboro yẹn ni mo fẹ́ kọ́ sórí pákó nínú yàrá mi.

Àpótí tí mo rà jẹ́ ti HO, ìyẹn ìwọ̀n 1:87, tí a pín gígùn ohun gidi sí ọ̀nà 87, tí a mú ọ̀kan: ẹ́ńjìnnì kan, wágùnnù mẹ́ta, irin tó yí po, àti ẹ̀rọ tó ń sọ iná NEPA di fólítì 12. Ẹ́ńjìnnì náà tẹ́ mi lọ́rùn gidi. Ó ń rọra rìn bí ọkọ̀ tó fẹ́ wọ sítéṣọ̀n, kò sì pariwo.

Ìwọ̀n irin rẹ̀ ló dùn mí. Mìlímítà 16.5 ló wà láàárín irin méjèèjì. Ìlọ́po 87 rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1,435, ìwọ̀n ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021. Irin àtijọ́ tó gba Òṣogbo jẹ́ 1,067. Mìlímítà 12 ni ǹ bá wá, ẹni tó tà á fún mi kò sì sọ.

Àwọn ilé inú àpótí náà ga ṣóńṣó bíi ti Jámánì. Mo kó wọn tì. Páálí bísíkítì ni mo lò: ẹ ya ojú kan kúrò lára rẹ̀, ìlà inú rẹ̀ á hàn bíi páànù gan-an. Mo kùn ún, mo wá ha ìpẹtà lára irin àtijọ́, mo fi pa á. Àjà kan ò ga ju sẹ̀ǹtímítà 3.5 lọ, ènìyàn ò sì ga ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Ẹ má gbàgbé ìsàlẹ̀ ògiri o! Òjò máa ń ta erùpẹ̀ pupa sí i nílùú wa, ibẹ̀ ni ilé ti ń dà bí ilé tí ènìyàn ń gbé. Erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ni mo jọ̀, mo yan án kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú, mo fi àtè tí mo bu omi là lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà.

Ẹ lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ojú irin ni iná ń gbà dé inú táyà ẹ́ńjìnnì. Eruku díẹ̀, ó dúró. Nígbà ọyẹ́, àràárọ̀ ni mo ń fi sípírítì nu irin náà.

Pákó tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tó gùn ní 8, gbà á, ṣùgbọ́n ẹ wọn ẹnu ọ̀nà yàrá yín kí káfíńtà tó kàn án pọ̀.