Ògógóró, ṣínáàpù tàbí jíìnì òkè òkun: èwo ni kí ẹ fi owó yín rà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọtí líle ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìbáà ṣe fún ìdáná, fún ìnáwó òkú àgbà tàbí fún ara rẹ̀ nírọ̀lẹ́ Sátidé, mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú rẹ̀: ògógóró inú kẹ́ẹ̀gì, ṣínáàpù onígun mẹ́rin inú ìgò aláwọ̀ ewé, àti jíìnì òkè òkun tí wọ́n kọ London Dry sí lára. Mo ti rà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ti mu wọ́n. Mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa wíìsìkì àti bràńdì níbí, nítorí ẹni tó ń wá wọn ti mọ ohun tó ń wá. Mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa ọtí inú ọ̀rá náà. Láti 2022 ni NAFDAC kò ti forúkọ tuntun sílẹ̀ fún un mọ́, àti fún ìgò tí kò tó 200 ml, ẹni tó bá sì lágbára àtira odidi ìgò kò ní ohun tó ń wá nínú rẹ̀.

Adùn

Èso juniper ló fún jíìnì ní òórùn rẹ̀, òórùn tútù tó jọ ti ewé igi páìnì tí èèyàn fi ọwọ́ rún. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé London ni wọ́n ti ń pọn London Dry. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ìpọntí ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí: gbogbo èròjà tó ń ta sánsán gbọ́dọ̀ wà nínú ìkòkò kí oru tó jáde, lẹ́yìn ìyẹn, yàtọ̀ sí omi àti ọtí funfun tí kò ní òórùn kankan, kò sí ohun tí wọ́n lè dà sí i mọ́ bí kò ṣe ṣúgà tó kéré débi pé ahọ́n kò lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n lè pọn ọ́n ní Spéènì tàbí ní Nàìjíríà, kó sì máa jẹ́ London Dry. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ ìlú yẹn bu owó lé ọjà fún yín. Yìnyín, tóníìkì (ẹlẹ́rìndòdò tó korò) àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló máa ń gbé jíìnì yìí yọ. Kuníìnì tó wà nínú tóníìkì ló ń mú un korò, òórùn juniper sì bá ìkorò yẹn mu gan-an. Bí iná kò bá sí nílé yín tí ẹ ò sì ní yìnyín, ìdajì adùn rẹ̀ ti lọ.

Jíìnì àwọn ará Holland tí wọ́n ń pè ní jenever ni baba ṣínáàpù tiwa. Ìlú Schiedam lókìkí fún un gan-an. Ìgò onígun mẹ́rin yẹn ti wà láti ayé ọkọ̀ ojú omi: ìgò róbótó máa ń fi àyè ṣòfò nínú àpótí, onígun mẹ́rin máa ń fara mọ́ra, kì í sì í mì. Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti ń rọ ọ̀pọ̀ èyí tí ẹ ń rí lórí àtẹ báyìí. Adùn rẹ̀ rọ̀ ju ti London Dry lọ, ó ní òórùn dídùn díẹ̀, èèyàn sì lè fi ife kékeré mu ún láìfi nǹkan kan lé e.

Ògógóró gidi kò ní àfijọ. Ẹmu ògùrọ̀ tó ti kan ni wọ́n máa ń dà sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á dáná sí i lábẹ́, oru á gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, á wá máa kán tó-tó-tó sínú ìgò. Tó bá mọ́, ẹ máa gbọ́ òórùn ẹmu nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e mì tán, àti èéfín díẹ̀. Mi ò tíì rí ọtí ìgò kankan tó ní irú ẹ̀yìn-ẹnu bẹ́ẹ̀.

Owó àti agbára

Ògógóró ló dín owó jù, ṣínáàpù tẹ̀ lé e, jíìnì òkè òkun sì jìnnà sí méjèèjì. Ní ti agbára, òfin ilẹ̀ Yúróòpù ní jíìnì kò gbọdọ̀ dín ní 37.5%. Wọ́n kọ agbára ṣínáàpù náà sí ara ìgò. Ògógóró kò ní ìwé lára.

Ohun tó wọ inú ìgò kó tó dé ọ̀dọ̀ yín

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀, nítorí ibí ni owó mi ti ṣègbé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ògógóró. Ilẹ̀ àbàtà ni ògùrọ̀ ń fẹ́, ọ̀dàn sì ni ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Káṣú àti máńgòrò ni wọ́n fi mọ̀ wá. Ògógóró tó tó nǹkan, ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ti ń bọ̀, ọwọ́ tó sì ń kan kẹ́ẹ̀gì yẹn kó tó dé Tákíè nílùú wa níbí kò kéré. Ẹni kan bu omi sí i, ẹnìkejì tún bu omi sí i, ẹni kẹta wá ohun tí á fi dá agbára rẹ̀ padà. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ní 2015, ọtí ìbílẹ̀ tí methanol wà nínú rẹ̀ pa èèyàn púpọ̀ ní agbègbè Ìrèlé ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lẹ́yìn náà ó tún pa àwọn mìíràn ní ìpínlẹ̀ Rivers. Methanol jẹ́ ọtí ilé iṣẹ́, kì í ṣe ti ẹnu. Ó máa ń fọ́ ojú kó tó pani, imú àti ahọ́n kò sì lè yà á sọ́tọ̀. Àmì rẹ̀ lè má yọ títí di ọjọ́ kejì: inú rírun, èébì, ojú tó ń ṣú. Ẹni tó bá rí èyí kó sáré lọ sí ilé ìwòsàn, kò gbọdọ̀ dúró fi epo pupa wò ó.

Oníọtí á mi ìgò fún yín, á ní kí ẹ wo ìfófòó. Òótọ́ ni pé ọtí tó lágbára máa ń ní ìfófòó wẹ́wẹ́ tó ń pẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọṣẹ díẹ̀ lè ṣe irú rẹ̀, ìfófòó kò sì sọ ohunkóhun nípa methanol.

Ẹ má rò pé jíìnì òkè òkun bọ́ nínú èyí. Bí ìgò bá ti wọ́n tó ni àwọn ayédèrú ṣe ń fẹ́ràn rẹ̀ tó. Lẹ́yìn ayẹyẹ, ẹ wo àwọn tó ń ṣa ìgò òfìfo: ìgò olówó gọbọi ni wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀. Nígbà tí a ń sin bàbá ìyàwó mi, àwọn àna ní kí n gbé jíìnì òkè òkun wá sórí tábìlì àwọn àgbà. Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan nílùú ni mo ti ra páálí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe yí ọmọrí ìgò àkọ́kọ́, òun àti òrùka abẹ́ rẹ̀ jọ jáde pa pọ̀, kò dún rárá. Ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó mi gbé ife sí imú, wọ́n rọra gbé e sílẹ̀. Wọ́n ní, "Àna wa, kí lẹ gbé wá yìí?" Òórùn ohun tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ ló ń jáde. A tú páálí náà wò: ibi tí ọtí dé lọ́rùn ìgò kò dọ́gba, lẹ́ẹ̀ẹ̀lì ìgò kan sì ti wú ní etí. Oníṣọ́ọ̀bù ní ohun tí òun rà lòun tà, kò dá kọ́bọ̀ padà. Ṣínáàpù tí wọ́n sáré rà ní ọjà Aràdà ni wọ́n fi ṣe ìwúre lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tí ẹ máa wò nìyí. Ọmọrí gidi máa ń ké nígbà tí ẹ bá yí i, òrùka rẹ̀ á já, á sì kù sí ọrùn ìgò. Àwọn ìgò òkè òkun kan ní ọmọ róbótó kékeré nínú ọrùn wọn tó ń dún kẹ̀kẹ̀ tí ẹ bá mì í; òun ló ń dènà kí wọ́n da ọtí padà sínú rẹ̀. Tí ọrùn ibẹ̀ bá ti ní àpá iná, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ gbé ìgò sí ìmọ́lẹ̀, ọtí gbọ́dọ̀ mọ́ láìsí ìdọ̀tí tó ń léfòó. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC.

Ṣínáàpù náà ní ayédèrú, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò pọ̀ tó ohun tí ayédèrú ń wá, ó sì ń tà kíákíá nítorí pé ìdáná àti ìsìnkú kì í tán nílùú yìí. Kì í pẹ́ lórí àtẹ, kì í gba ọ̀pọ̀ ọwọ́ kọjá.

Èwo wá ni kí ẹ rà?

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ibi tí wọ́n ti wúlò. Tí ẹ bá ní yìnyín, tóníìkì àti ẹni tó máa ra ìgò bọ̀ fún yín láti ibi tó dájú, jíìnì London Dry dára fún ìrọ̀lẹ́ ilé. Tí ẹ bá ní èèyàn ní Igbókòdá tàbí Òkìtìpupa tó ń pọn ògógóró fúnra rẹ̀, tó sì gbé e lé yín lọ́wọ́ láìgba ọwọ́ ẹlòmíràn, ẹ ti rí ọtí tó dùn jù nínú wọn. Àmọ́ ti inú kẹ́ẹ̀gì tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀, ì báà jẹ́ ti ìsọ̀ páráàgà ní Under G nílùú yìí tàbí ti ẹ̀gbẹ́ gáréèjì, ẹ má mu ún. Fún ẹrù ìdáná, fún tábìlì àwọn àgbà, àti fún ẹni tó kàn ń wá ìgò kan tí á fi sílé, ṣínáàpù ni mo máa ń rà, òun náà ló wà nílé mi báyìí.

Tí ẹ bá ń ra páálí, ẹ ní kí oníṣọ́ọ̀bù jẹ́ kí ẹ ṣí ìgò kan níṣojú rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ san owó ìgò yẹn lọ́tọ̀, kí ẹ sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.