Ìkìlọ̀: Ẹ Má Ra Ààyè PhD Lọ́wọ́ Ẹnikẹ́ni

Ẹ̀yin ará tẹ́ ẹ ti gboyè nínú sáyẹ́ǹsì tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ, tẹ́ ẹ ń wá PhD tí wọ́n máa sanwó rẹ̀ fún yín lókè òkun, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ajẹ́ńtì kan ń kiri orí WhatsApp. Ó ní òun mọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ní ààyè nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Jámánì, pé kẹ́ ẹ san ìdajì owó báyìí, kẹ́ ẹ san ìyókù tí lẹ́tà bá dé. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi san ìdajì. Lẹ́tà dé lóòótọ́, àmì yunifásítì Amẹ́ríkà wà lórí rẹ̀ gàdàgbà, ṣùgbọ́n orí Gmail ni wọ́n ti fi í ránṣẹ́, kì í ṣe àdírẹ́sì tó parí sí .edu.

Wọn kì í ta ààyè PhD. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka tó gba akẹ́kọ̀ọ́ PhD sáyẹ́ǹsì ló sábà máa ń san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí wọ́n tún ń fún un lówó oṣù torí ìwádìí tàbí iṣẹ́ olùkọ́ tó ń ṣe fún wọn. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń fọwọ́ síwèé iṣẹ́ gan-an. TV-L E13 tẹ́ ẹ máa ń rí nínú ìpolówó, ìpele owó oṣù ni. Mo mọ̀ pé nílé wa níbí, àwọn kan ń ra iṣẹ́ ìjọba. Ìyẹn ló jẹ́ kí irọ́ yìí tètè wọ̀ wá létí.

Owó tó tọ́ kò pọ̀. Owó fọ́ọ̀mù, orí ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ lẹ́ ẹ ti máa san án, àwọn ẹ̀ka kan a sì fojú fò ó tẹ́ ẹ bá bẹ̀ wọ́n. Owó SEVIS, ìyẹn owó àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, jẹ́ dọ́là 350, ìjọba Amẹ́ríkà lẹ́ ẹ máa san án fún lẹ́yìn tí I-20, ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ ń fún yín láti fi gba físà, bá ti dé. Ìwé ATAS, ìyẹn ìwé àṣẹ ààbò tí wọ́n ń béèrè ní UK fún àwọn ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan, ọ̀fẹ́ ni, síbẹ̀ ọkùnrin yìí ń gbowó lé e lórí! Tó bá sì ní wákàtí 48 péré lẹ́ ẹ ní, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí àdéhùn Council of Graduate Schools, ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń fúnni ní oyè gíga: ẹni tí wọ́n fún lówó ìrànwọ́ ní títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin láti fèsì.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti ímeèlì. Á ṣí ímeèlì lórúkọ yín, á di password mọ́wọ́, á wá máa fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n rẹpẹtẹ. Ó ń pe obìnrin ní "Sir". Nígbà míì, ó gbàgbé láti yọ orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ̀wé sí ṣáájú. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà mọra wọn, orúkọ yín ló sì ń bàjẹ́. Tí ẹnì kan bá wá fèsì tòótọ́, òun ló máa kọ́kọ́ rí i, á sì ní kẹ́ ẹ wá rà á padà.

EURAXESS, ìkànnì tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ń polówó iṣẹ́ ìwádìí, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ti DAAD, àjọ ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ti Jámánì, náà wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ka iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ̀wé sí i.

Ẹni tó bá ti sanwó, kó ṣí ímeèlì tuntun lónìí, kó kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé ilé ẹ̀kọ́ tí ajẹ́ńtì náà dárúkọ, kó béèrè bóyá fọ́ọ̀mù kan wà lórúkọ òun, àti ímeèlì tó wà lórí rẹ̀. Kó mú rísíìtì lọ sí báǹkì àti EFCC.